Kí ló dé tí ọkọ̀ kékeré fi gbówó lórí ju ọkọ̀ ńlá lọ?

Bí ẹ bá ti ń tẹ̀lé ìròyìn àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wọn ti tojú sú yín. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Crystal Endeavor ti di Silver Endeavour. Seabourn Odyssey kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Seabourn, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan, ó sì di Mitsui Ocean Fuji ní 2024. Silver Explorer náà ti gba orúkọ mìíràn. Iléeṣẹ́ kan ta ọkọ̀ tó ń gbé èrò 450, ó wá ń fi èyí tí kò gbà ju 264 lọ yangàn. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè á ní gbèsè ló fẹ́ pa wọ́n, àbí ta ló ń ta ilé ńlá kó tó lọ kọ́ kékeré?

Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ò ní rí i. Etí omi ló wà, níbi tí èrò ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló ń pàṣẹ bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: 100, 200 àti 500. Bí wọ́n bá ti yé yín, ọ̀pọ̀ nínú ìròyìn wọ̀nyẹn á tú fúnra wọn.

Kí là ń pè ní ọkọ̀ ìgbafẹ́, kí sì ni ti ìṣàwárí?

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni ọkọ̀ òkun tí èèyàn ń wọ̀ láti fi najú. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa sùn, ibẹ̀ lẹ ó ti máa jẹun, òun náà ni yóò sì máa gbé yín láti èbúté kan dé èkejì títí ọjọ́ tí ẹ sanwó fún yóò fi pé. Ilé ìtura ni, àfi pé ó ń rìn.

Tí wọ́n bá wá ní ti olówó ńlá ni, iye èèyàn ló yí padà. Silversea, Seabourn, Regent àti Ponant wà lára àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èrò inú ọkọ̀ wọn kì í pọ̀, òṣìṣẹ́ sì pọ̀ débi pé nínú àwọn mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ kan fún èrò kan. Owó oúnjẹ àti ti ohun mímu sábà máa ń wà nínú owó tí ẹ ti san kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọkọ̀ ìṣàwárí ní tirẹ̀ ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń lọ síbi tí kò sí èbúté. Ẹ di ìyẹn mú, torí òun ni gbogbo ìyàtọ̀. Níbi tó ń lọ, kò sí pèpéle tí ọkọ̀ lè fara tì, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ á dúró sójú omi, wọn á sọ ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké sílẹ̀, èrò bíi mẹ́wàá á bọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á sì gbé wọn dé etíkun tó jẹ́ kìkì òkúta tàbí yìnyín. Zodiac ni wọ́n ń pe ọkọ̀ rọ́bà yìí. Orúkọ iléeṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ni tẹ́lẹ̀, ó ti wá di orúkọ gbogbo irú rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́ èrò sọ́nà jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko, nípa òkúta, nípa yìnyín, tàbí nípa ìtàn àwọn tó ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwọn tó ń polówó ọjà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun. Ní tèmi, ọkọ̀ tó bá ń ti èbúté bọ́ sí èbúté kò tíì di ti ìṣàwárí, bí wọ́n tiẹ̀ kó ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá sínú rẹ̀.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Lars-Eric Lindblad ni, ọmọ Sweden tó ṣe iṣẹ́ arìnrìn-àjò ní Amẹ́ríkà. Ní 1966, ó háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ológun ojú omi Argentina, ó sì kó àwọn tó fẹ́ ṣe àbẹ̀wò lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ayé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tirẹ̀ fún un ní Finland. Lindblad Explorer ni wọ́n sọ ọ́, pupa fòò ni wọ́n kùn ún, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì kàn fún irú ìrìn-àjò yìí. Ní 1984, ó gba ọ̀nà omi oníyìnyín tó wà lókè Kánádà kọjá, èyí tí ọkọ̀ èrò kankan kò tíì ṣe rí.

Ẹ má rò pé ọlá wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlòkù ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Soviet Union túká ní 1991, àwọn ọkọ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Rọ́ṣíà fi ń ṣèwádìí di èyí tí wọ́n ń háyà fún àwọn arìnrìn-àjò. Nínú àwọn kan, yàrá méjì mẹ́ta ló ń pín balùwẹ̀ kan lò. Ẹni tó fẹ́ rí pẹ́ńgúìnì ló ń lọ, ẹni tó fẹ́ jayé ń lọ síbòmíràn.

Silversea wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé ẹnì kan náà lè fẹ́ méjèèjì. Ní 2008, wọ́n gbé ọkọ̀ ìṣàwárí wọn àkọ́kọ́, Prince Albert II, jáde. Láti 2019 ni ilẹ̀kùn wá ṣí gbayawu. Scenic Eclipse àti Hanseatic Nature dé lọ́dún yẹn, Le Commandant Charcot ti Ponant tẹ̀ lé wọn ní 2021, Viking gbé Octantis àti Polaris dé ní 2022, Seabourn náà gbé Venture jáde lọ́dún kan náà, ó sì fi Pursuit tì í lẹ́yìn ní 2023.

Nọ́ńbà mẹ́ta wo ló ń pàṣẹ?

Kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè ní òun nìkan ló ni Antarctica. Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ní 1959, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní 1991, iléeṣẹ́ méje tó ń kó èèyàn lọ síbẹ̀ para pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ IAATO sílẹ̀, wọ́n sì ṣòfin fún ara wọn kí ẹlòmíràn tó wá ṣe é fún wọn.

Ọkọ̀ tó bá gbé ju èrò 500 lọ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹnì kankan kalẹ̀. Ó lè kọjá, kí èrò dúró lókè máa wo yìnyín, ó parí síbẹ̀. Ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ bá jẹ́ 500 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè sọ wọ́n kalẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn tó máa wà lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ, ọkọ̀ méjì kò sì gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà. Olùtọ́nà kan kò gbọ́dọ̀ kó ju èèyàn 20 lọ. Àwọn ibì kan sì tún wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó gbé 200 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè yà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìsọ̀kalẹ̀ kan gba wákàtí kan àbọ̀. Ọkọ̀ tó kó èrò 100 á sọ gbogbo wọn kalẹ̀ pa pọ̀. Èyí tó kó 200 á pín wọn sí méjì, wákàtí mẹ́ta á gbà wọ́n, wọ́n á sì tún ráyè lọ síbòmíràn lọ́sàn-án. Èyí tó kó 500 á pín wọn sí márùn-ún, wákàtí méje àbọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bọ́ sí ìpín ìkẹyìn á ti fi gbogbo ọjọ́ jókòó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ látojú fèrèsé. Icon of the Seas tó jáde ní 2024 ń gbé 5,610 bí èèyàn méjì bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí òfin bá tiẹ̀ gbà fún un, ìpín 57 ni wọn ó jẹ́: ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀, tọ̀sán tòru, láìsinmi.

Ẹ fi wé ilé tó ní balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Bí èèyàn méjì bá ń gbé ibẹ̀, wàhálà kò sí. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, ẹni tó bá jí kẹ́yìn á pẹ́ dé ibi iṣẹ́, yàrá rẹ̀ ì báà dára ju ààfin lọ. Ohun tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń tà gan-an nìyẹn: àyè lórí etíkun. Ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ kéré ní àyè púpọ̀ láti pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì lè bu iye tó bá wù ú lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn. Ní erékùṣù Galápagos, Ecuador kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kan gbé ju 100 lọ, ìdí nìyẹn tí Silversea fi kan Silver Origin ní 100 géérégé. Ní Svalbard tó wà lókè Norway, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ àgbègbè tí wọ́n dáàbò bò kò gbọ́dọ̀ gbé ju 200, wọ́n sì ti fa ojúkò 43 yọ tí èèyàn lè ti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó kan ọkọ̀ elérò 350 tẹ́lẹ̀ kàn ń wò ni.

Báwo ni ìsọ̀kalẹ̀ ṣe máa ń rí?

Kí ẹ tó kúrò nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí ẹ kó aṣọ òtútù àti àpò yín wá. Òṣìṣẹ́ kan á fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa inú àpò aṣọ, á fi ṣóńṣó irin tú ìdí bàtà, á yẹ ibi tí aṣọ ti ń lẹ̀ mọ́ra wò fínnífínní. Èso koríko ló ń wá. Hóró kan ṣoṣo tó bá bá aṣọ yín débẹ̀ lè hù níbi tí kò hù rí láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé. Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún lẹ ó wọ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ agbada omi apakòkòrò nígbà tí ẹ bá ń lọ àti nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Lára ògiri ibẹ̀, pátákó kan wà tí nọ́ńbà gbogbo èrò so kọ́. Ẹ ó yí tiyín padà bí ẹ ti ń jáde, ẹ ó tún yí i bí ẹ ti ń wọlé. Àwọn ọkọ̀ tuntun ń fi káàdì ṣe é. Wọn ò fẹ́ lọ gbàgbé èèyàn sórí yìnyín ni.

Bí ẹ bá ń bọ́ sínú Zodiac, atukọ̀ ò ní bọ̀ yín lọ́wọ́. Apá yín ló máa dì mú, lókè ọrùn ọwọ́, ẹ̀yin náà á di tirẹ̀ mú bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ tó tutù tó sì rin lè yọ̀, apá kì í yọ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ kan sí etí rọ́bà, ẹ jókòó, kí ẹ fi ìdí wọ́ lọ sí àyè yín. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìyẹn kó níyì lójú.

Lórí ilẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ pẹ́ńgúìnì ju mítà márùn-ún lọ. Pẹ́ńgúìnì kò mọ òfin yẹn, ó lè rìn wá kó fi ẹnu gún bàtà yín wò. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ kó fi kọjá ni. Ẹsẹ̀ wọn ti tẹ ọ̀nà tóóró sínú yìnyín láti òkè dé etí omi, tiwọn ni ọ̀nà náà, ẹ̀yin lẹ máa yà. Láti ìgbà tí àrùn lùkúlùkú ẹyẹ ti dé agbègbè yẹn ní 2023, kò tún sí ìjókòó sílẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ ya fọ́tò mọ́. Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan: òórùn ìgbẹ́ wọn. Ó ń rá mọ́ aṣọ, á bá yín wọnú ọkọ̀, á sì bá yín dé yàrá.

Kí ló dé tí wọ́n ń ta ọkọ̀ tó ṣì dára?

Ọkọ̀ òkun kì í tètè kú. Irin ni, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà kì í sábà mú un títí. Ọkọ̀ tí mo pè ní Prince Albert II lẹ́ẹ̀kan, Finland ni wọ́n ti kàn án ní 1989, Delfin Clipper sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó ti jẹ́ World Discoverer kó tó di ti Silversea. Ní 2011 wọ́n sọ ọ́ di Silver Explorer, nígbà tó sì kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2023, ó lọ sílẹ̀ Faransé, ó di Exploris One. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ka ìròyìn pé ọkọ̀ kan ti kúrò nínú ọ̀wọ́ iléeṣẹ́ kan, ẹ wá a lábẹ́ orúkọ mìíràn ná kí ẹ tó kí wọn kú àdánù.

Àwọn kan tiẹ̀ gba iṣẹ́ abẹ. Seabourn ní ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta láyé àtijọ́, Windstar ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yá, wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà ìkànkọ̀ ní Palermo ní Ítálì, wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì láàárín, wọ́n fi irin tuntun tó gùn ní mítà 25.6 há a láàárín, wọ́n sì jó o padà. Aránṣọ tó la aṣọ láàárín kó tó fi aṣọ mìíràn kún un ló ṣe irú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé 212 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé 312.

Silversea ṣe òdìkejì rẹ̀. Silver Cloud, ọkọ̀ tí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1994, ń gbé 296. Ní 2017 wọ́n fi irin kún ara rẹ̀ nítorí yìnyín, wọ́n dín èrò rẹ̀ kù sí 254, wọ́n sì ní tó bá ń lọ sí Antarctica kó má ju 200 lọ. Wọ́n náwó sórí ọkọ̀ kó lè gbé èèyàn tó dín. Lójú ẹni tí kò mọ̀ nípa nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, wèrè ni. Lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ àgbà tí àwọn tuntun ti fẹ́ lé lọ́jà ni wọ́n fún ní iṣẹ́ mìíràn.

Ti Crystal ló da ọ̀pọ̀ èèyàn rú jù. Ọkọ̀ ìṣàwárí wọn, Crystal Endeavor, jáde ní 2021 láti Stralsund ní Jámánì. Iléeṣẹ́ Genting Hong Kong ló ni Crystal nígbà náà, òun náà ló ni ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Àrùn kòrónà ti gbọn owó wọn dànù, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 2022, Genting wó lulẹ̀, Crystal wó tẹ̀ lé e. Wọ́n ta ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún kan lójú omi dáadáa fún Silversea ní mílíọ̀nù 275 dọ́là, iye tó kéré gan-an sí ohun tí wọ́n fi kàn án. Wọ́n fi Silver rọ́pò Crystal, wọ́n fi lẹ́tà u kan kún ìyókù, ó sì di Silver Endeavour. Crystal fúnra rẹ̀ kò kú o: iléeṣẹ́ arìnrìn-àjò Abercrombie & Kent ra orúkọ rẹ̀ àti ọkọ̀ ńlá méjì tó kù, wọ́n sì padà sójú omi ní 2023.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké yìí kò dá dúró mọ́. Royal Caribbean, àwọn tó ni Icon of the Seas, ra ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún Silversea ní 2018, wọ́n sì ra ìyókù ní 2020. Seabourn jẹ́ ti Carnival. Ọwọ́ tó ń kan ọkọ̀ tó tóbi jù láyé náà ló ń kan àwọn tó kéré yìí.

Bí mo ṣe rí i, ọkọ̀ tó wà láàárín ló ń jìyà. Ní apá kan, Silversea kan Silver Nova tó gba 728, tó láyè fún àwọn tó fẹ́ ilé oúnjẹ oríṣiríṣi àti yàrá fífẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n ń wá èyí tí kò ju 200 sí 264. Ọkọ̀ tó gba 450, bíi Seabourn Odyssey tí wọ́n kàn ní 2009, ti pọ̀ jù fún etíkun, ó sì ti kéré jù fún fàájì ńlá. Kò bàjẹ́ rárá. Ibi tó bá a mu ló yí padà, ó sì rí i lọ́dọ̀ àwọn ará Japan. Seabourn Sojourn náà ń gba ọ̀nà yẹn lọ.

Ṣé gbogbo ọkọ̀ ló lè wọ inú yìnyín?

Rárá o. Wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, láti PC 1 dé PC 7 (PC ni Polar Class, ìpele ọkọ̀ ilẹ̀ yìnyín), ó sì máa ń da èèyàn rú torí pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọkọ̀ ṣe lágbára tó. Irin ara ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nípọn níbi tí omi ti ń lù ú, egungun inú rẹ̀ sì sún mọ́ra, bí igi àjà tí wọ́n tò tímọ́tímọ́ kí òrùlé má baà tẹ̀.

PC 6 ni ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tuntun. Ó dára fún ìgbà ooru, láàárín yìnyín tí kò tíì gbó. Kò wá sọ pé kí ọkọ̀ máa forí sọ yìnyín kiri: aṣọ òjò kì í sọ èèyàn di ẹja. Le Commandant Charcot nìkan ló dá yàtọ̀ láàárín wọn. PC 2 ni, ó ń lo gáàsì àti bátìrì, ó sì fọ́ yìnyín dé ṣóńṣó orí ayé ní ìhà àríwá ní oṣù Kẹsàn-án 2021.

Àwọn òfin mìíràn náà ti lé ọkọ̀ àtijọ́ kúrò. Láti oṣù Kẹjọ 2011, ọkọ̀ tó ń lo epo dúdú tó ki kò gbọ́dọ̀ wọ omi Antarctica mọ́, òfin àgbáyé lórí ọkọ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀ yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017.

Ọkọ̀ abẹ́ omi àti hẹlikópítà ń kọ́?

Nígbà tí Seabourn Venture jáde, ó gbé ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń gba èrò mẹ́fà dání. Scenic Eclipse ní tirẹ̀, ó tún ní hẹlikópítà méjì. Wọ́n dára lójú, fọ́tò wọn sì ń ta ọjà. Àmọ́ owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà fún un, afẹ́fẹ́ lè ní kò sí fífò, àyè rẹ̀ sì kéré. Èmi ò ní tìtorí rẹ̀ yan ọkọ̀. Bí olùtọ́nà bá pọ̀ tí Zodiac sì pọ̀, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí lèèyàn ń rí tó fi ń san irú owó bẹ́ẹ̀?

Owó náà kì í ṣe kékeré. Nínú ọkọ̀ olówó ńlá, kò ṣàjèjì kí alẹ́ kan fún ẹnì kan kọjá 1,000 dọ́là. Láti Ushuaia ní Argentina, bí ọjọ́ méjì lẹ ó fi la omi Drake kọjá kí ẹ tó rí yìnyín, omi yẹn kò sì bẹ̀rù ọlọ́lá. Àwọn kan ti ń bá ọkọ̀ òfurufú fò láti Punta Arenas ní Chile lọ sí erékùṣù King George, wákàtí bíi méjì, láti fi yẹra fún un.

Ohun tí mo rò pé ó ń fà wọ́n ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Ọkọ̀ ńlá kò lè pẹ́ dé èbúté, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní ètò tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìṣàwárí, ọ̀gá ọkọ̀ àti olórí àwọn olùtọ́nà á jókòó lálẹ́, wọ́n á wo àwòrán yìnyín àti afẹ́fẹ́, wọ́n á tún ètò ọ̀la tò. Bí àbùùbùtán bá yọ lójijì, wọ́n lè pa ẹ́ńjìnnì kí gbogbo èèyàn jáde wá wò ó. Nínú Zodiac, bí atukọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì láàárín yìnyín wẹ́wẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ta, ta, ta lábẹ́ yín. Afẹ́fẹ́ tó ti há sínú yìnyín láti ayé àìmọye ọdún ló ń bẹ́ jáde.

Àìdánilójú kan náà ní ewu nínú. Ọkọ̀ pupa Lindblad tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti di Explorer, forí sọ yìnyín lálẹ́, ó sì rì nítòsí Antarctica ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 2007. Èèyàn 154 tó wà nínú rẹ̀ yè, torí ọkọ̀ mìíràn tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ mìíràn, Ocean Explorer, há sínú ẹrẹ̀ ní Greenland pẹ̀lú èèyàn 206. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí ẹja tó fà á yọ. Ibi tó jìnnà sí gbogbo ayé jìnnà sí olùrànlọ́wọ́ náà.

Ohun kan wà tó ń kọ mí lóminú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń lọ wo Antarctica kò tó 10,000 lọ́dún. Ní sáà 2023 sí 2024 wọ́n ti lé ní 120,000, títí kan àwọn tí ọkọ̀ wọn kàn kọjá. Òfin 100 náà wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Ọkọ̀ ló pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, kí lẹ máa bi wọ́n?

Ẹ bi wọ́n pé èrò mélòó ló máa wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀, ẹ má bi wọ́n pé mélòó ló lè gbà. Viking Octantis gba 378, ó sì ń sọ èèyàn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa pín wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà nínú IAATO, iye olùtọ́nà tí wọ́n ní, àti iye ìgbà tí wọ́n ń retí láti sọ̀kalẹ̀ lójúmọ́. Ẹ tún béèrè oṣù tí wọ́n ń lọ. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni Antarctica ń gba àlejò, lẹ́yìn náà ọkọ̀ kan náà á tọ ooru lọ sí àríwá ayé, sí Svalbard àti Greenland, kó tó di oṣù Kẹsàn-án. Àbùùbùtán pọ̀ ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, ọmọ pẹ́ńgúìnì ti ń pa láti ìparí oṣù Kejìlá.

Bí wọ́n bá ní èrò wọn lé ní 500, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín kò ní kan ilẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń dín gan-an sí tàwọn yòókù, ó sì tẹ́ àwọn mìíràn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn gíláàsì nínú ooru, ife tíì lọ́wọ́, wọ́n á máa fi awò awọ̀nàjíjìn ka pẹ́ńgúìnì lórí òkè, òórùn náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn.